Ohun Tí Ìka Ọwọ́-yá Rí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-yá, ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ ná, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọkùnrin náà ga, ó sì fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ tó dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n inú ìka rẹ̀ ni Ọlọ́run kó ẹ̀bùn tirẹ̀ sí. Àká oògùn ni ó ń bá ṣiṣẹ́, ilé ńlá kan tí àwọn ilé ìwòsàn ti ń béèrè oògùn tí wọ́n fẹ́ lò. Tẹlifóònù ni wọ́n fi ń béèrè. Ọwọ́-yá á há ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, á jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ẹni tó ń pè kò sì ní tíì pe orúkọ oògùn náà tán tí ìka á ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bó bá ń tẹ̀ ẹ́, òkè àjà ló máa ń wò, á sì tún máa bá ẹni tó jókòó tì í ṣàwàdà.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló fi kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Olùkọ́ wọn le. Ó máa ń ju aṣọ lé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa wo bọ́tìnnì, ẹni tó bá sì ká aṣọ sókè láti yọjú wo ìka rẹ̀, ìta ni yóò ti parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Àwọn tó kù ń sunkún. Ọwọ́-yá ní tirẹ̀ kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n ká aṣọ kúrò, ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti mọ́ ọn lára.

Màdáámú tó jẹ́ olórí àká oògùn kì í jẹ́ kí àlejò kan lọ láìmú un dé ẹ̀yìn àga Ọwọ́-yá. "Ẹ wò ó," á ní, "kò tiẹ̀ wo kíbọ́ọ̀dù." Àlejò á mirí, á rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn á pàtẹ́wọ́. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Lóòótọ́ ni kò wo kíbọ́ọ̀dù. Kò wo ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú, nítorí kò lè rí ohun tó wà níbẹ̀ mọ́.

Ojú náà kò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èéfín ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rú láàárín rẹ̀, bí ìgbà tí a bá fi igi tútù dáná, èéfín náà kò sì gbéra mọ́. Ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rí i: ó ń rí etí gọ́tà, kì í já sí i, ó mọ̀ bóyá ọkọ̀ tó ń kọjá pupa ni tàbí dúdú. Ohun tó bá kọjú sí gan-an ni kì í rí. Bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, á rí etí yín méjèèjì, á rí èjìká yín, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ojú yín wà, èéfín ni. Ohùn ló fi ń dá èèyàn mọ̀, àti ìró bàtà. Ó ra awò ojú lẹ́bàá ọ̀nà, kò ràn án. Ó ra òmíràn, ó wá ń fi í sápò àyà kí àwọn èèyàn lè máa rí i pé ó ní awò.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò wí. Èmi náà ti bi ara mi, inú sì máa ń bí mi sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú yẹn ti rí kó tó di pé kò ríran mọ́. Bàbá tó bí i lọ́mọ fọ́jú nígbà tó darúgbó, wọ́n sì gbé àga kan fún un sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tó ti jókòó sórí àga yẹn, wọn ò bi í ní ohunkóhun mọ́. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ gbà kọjá, àfi bí ẹrù. "Ṣé Bàbá ti jẹun?" Bàbá wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n ń bi. Ọwọ́-yá mọ àga náà, ó mọ ibi tí igi rẹ̀ ti sán, ó sì ti búra nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní jókòó sórí irú rẹ̀ láéláé. Bí wọ́n bá mọ̀ níbi iṣẹ́, wọn á gba tẹlifóònù létí rẹ̀. Ilé ló kàn, lẹ́yìn ilé, àga. Ohun tó ń fi gbogbo ara ṣọ́ nìyẹn.

Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ń lò ló bá a pa àṣírí náà mọ́. Kọ̀ǹpútà àgbà kan wà ní olú ilé iṣẹ́ wọn, ní ìlú tó jìnnà. Òun ló mọ gbogbo oògùn tó wà nínú àká, òun náà ló ń pín ọkọ̀ tó máa gbé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Àgbà, nítorí kì í kánjú, kì í gbàgbé, bí èèyàn bá sì ṣe nǹkan tí kò tọ́, á ké "píì" mọ́ ọn létí. Ẹ̀rọ tó wà níwájú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní ọpọlọ tirẹ̀. Ó kàn ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Ìyá Àgbà, ó ń gbé èsì bọ̀.

Fọ́ọ̀mù kan náà ló sì ń gbé wá láti ọdún dé ọdún. Ọwọ́-yá á tẹ bọ́tìnnì tó ń mú fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Á tẹ nọ́ńbà ilé ìwòsàn, ti oògùn, àti iye páálí. Bí àyè kan bá ti kún, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á bọ́ sí èkejì. Lẹ́yìn náà á tẹ bọ́tìnnì ńlá apá ọ̀tún láti sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ irú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ oògùn tí ooru ń bà jẹ́, á tẹ lẹ́tà kan tó dúró fún ọkọ̀ oníyìnyín. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, á fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ọkọ̀ lásán ni Ìyá Àgbà á fún un. Nígbẹ̀yìn, á fi ìka kékeré tẹ bọ́tìnnì igun ìsàlẹ̀, èyí tó ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá ti gbọ́ "píì", ó parí nìyẹn. Kí ló tún fẹ́ fi ojú ṣe?

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ àtijọ́ dànù. Kọ̀ǹpútà tuntun dé, ó fúyẹ́, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì pẹlẹbẹ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wá tò wọ́n, ilé iṣẹ́ mìíràn ló rán an wá. Ó gbé wáyà kọ́ ọrùn wọlé, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Oníwáyà kó tó rí àga jókòó. Ó ṣàlàyé fún wọn pé wọn ò ní pààrọ̀ Ìyá Àgbà. Ètò kan ni òun máa fi sínú kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, ètò náà á máa ṣe bíi ẹ̀rọ àtijọ́, Ìyá Àgbà kò sì ní mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀tàn lẹ fẹ́ fi bá màmá àgbàlagbà lò," ni Ọwọ́-yá wí, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀tàn rere ni, sà," Oníwáyà dá a lóhùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí méjì lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà: àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, àti orúkọ tí tábìlì náà yóò máa jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó da ètò tábìlì kan kọ sórí òmíràn, ó gbàgbé láti yí orúkọ padà, tábìlì méjì wá ń jẹ́ orúkọ kan. Bí ọ̀kan bá ti wọlé, Ìyá Àgbà á ti èkejì síta. Òṣìṣẹ́ méjì ń lé ara wọn jáde láìmọ̀, ọ̀kan ń bú àwọn oníná, èkejì ń gbá kọ̀ǹpútà lórí. Nígbà tí Oníwáyà rí ohun tó fà á, ó tún un ṣe, ó sì bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n Màdáámú ti rí i. "Ọmọ yìí ń kánjú," ló wí, ó sì fi í sọ́kàn.

Èkejì ni kíbọ́ọ̀dù. Lórí èyí tuntun yìí, bọ́tìnnì ńlá apá ọ̀tún kì í sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ nìyẹn. Bọ́tìnnì igun ìsàlẹ̀ kì í sì í ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó rí bíi ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣí àwòrán kíbọ́ọ̀dù kan lójú ẹ̀rọ, kó mú bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, kó sì yan ohun tó fẹ́ kó máa ṣe. Oníwáyà ń jókòó ti olúkúlùkù, ó ń tò ó bí ọwọ́ wọn ṣe mọ̀ ọ́n.

Ó dé ọ̀dọ̀ Ọwọ́-yá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwòrán kíbọ́ọ̀dù ló wà lójú ẹ̀rọ yìí. Ẹ nawọ́ sí bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́, kí n sọ ọ́ di ohun tí ẹ fẹ́ kó máa ṣe."

 Ọwọ́-yá kọjú sí ẹ̀rọ náà, ó rí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èéfín ló wà láàárín. Níbo ló máa nawọ́ sí? Ó ń gbọ́ èémí ọmọbìnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dúró dè é.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, ó ń fi ẹ̀rín bò ó, "èmi tí mo ti ń tẹ nǹkan kí wọ́n tó bí ẹ, o fẹ́ wá kọ́ mi ní bọ́tìnnì? Lọ bá àwọn tó kù. Màá tò ó fúnra mi."

"Kò burú, sà. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ńlá yẹn, tẹ́ ò bá yí i padà..."

"Mo ti gbọ́."

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń kánjú kí ọmọ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bí etí rẹ̀ tilẹ̀ mú tó ti Ọwọ́-yá. Nígbà tó kù òun nìkan, ó tẹ fọ́ọ̀mù kan wò bó ṣe máa ń ṣe é, ó tẹ́tí, kò gbọ́ "píì". Ó mí kanlẹ̀. Ó rò pé bíi ti àtijọ́ ni wọ́n gbé e wá.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin náà padà wá. "Bàbá, ṣé ẹ ti tò ó? Ohun tó ń kọ lójú ẹ̀rọ, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fẹ́ ẹ?"

"Mo ti tò ó. Mo rí i, ó dára púpọ̀," ni Ọwọ́-yá wí.

Irọ́ gbáà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún yín, nítorí òun kò mọ̀. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì ńlá pé òun ń sọ̀ kalẹ̀, fọ́ọ̀mù ti lọ bá Ìyá Àgbà pẹ̀lú àyè ọkọ̀ lófìfo. Lẹ́tà ọkọ̀ oníyìnyín tó ń tẹ̀ lẹ́yìn náà, inú fọ́ọ̀mù mìíràn tó ṣófo ló ń bọ́ sí, bó bá sì béèrè fọ́ọ̀mù tuntun fún ẹni tó kàn, ẹ̀rọ á pa lẹ́tà náà rẹ́. Ìyá Àgbà kò rí àṣìṣe kankan, kò sì ké. Oògùn tí kò bìkítà fún ooru ń dé ibi tó ń lọ láìsí wàhálà. Èyí tó yẹ kó tutù, orí ọkọ̀ lásán ló ń gbà lọ, nínú oòrùn.

Nílé, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù. Aránṣọ ni obìnrin náà. Ìbejì ni wọ́n bí, àwọn méjèèjì ti lọ́kọ, wọ́n sì jìnnà. Ọwọ́-yá ti fi yàrá sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, orí àga gbọọrọ inú pálọ̀ ló ń sùn, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn kò dùn ún. Ẹ̀rù ń bà á pé bí wọ́n bá jọ dojú kọ ara wọn, Ìyá Ìbejì yóò mọ̀ pé òun kò rí ojú rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ó ń tètè jáde, ó ń pẹ́ kó tó wọlé, kì í fọwọ́ kàn án. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń jí i.

"Kí lò ń rán láàárọ̀ kùtù báyìí?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Aṣọ kan ni mò ń dín kù."

"Oníbàárà yẹn kò lè mú sùúrù?"

 Nígbà tó yá, obìnrin náà jáde wá, ó dúró níwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Ìbejì, ẹ wò mí dáadáa."

Ọwọ́-yá kọjú sí i. Èéfín. Nísàlẹ̀ èéfín náà, ó rí àwọ̀ búlúù. "Aṣọ búlúù yẹn yẹ ọ́ gan-an."

"Ṣé ẹ ò rí nǹkan mìíràn?"

"Kí ni mo tún fẹ́ rí? Arẹwà ni ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa," ni Ìyá Ìbejì wí, ó wọ́ sálúbàtà rẹ̀ padà sínú yàrá. Ọwọ́-yá rò pé inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ń súfèé dé ibi iṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni tẹlifóònù dún. Obìnrin apòògùn kan ni, ohùn tó mọ̀ dáadáa, ẹni tí wọ́n jọ máa ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ gbóná. Mo fọwọ́ kan páálí náà, ó gbóná bí omi ìwẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó owú àti báńdéèjì ni wọ́n kó o sí."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ oníyìnyín ni mo tẹ̀ fún un."

"Ọkọ̀ lásán ló wà lórí ìwé tí awakọ̀ mú wá. Mo ti ní kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ náà. Àwọn tó jókòó síta láti àárọ̀ ńkọ́, kí ni kí n wí fún wọn?"

 Ìka Ọwọ́-yá tí kì í dúró wá dúró lórí kíbọ́ọ̀dù. Kò pẹ́ tí ìpè mìíràn fi wọlé: àjẹsára àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kejì, òun náà gbóná. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Kí ọjọ́ náà tó parí, Màdáámú fúnra rẹ̀ ló wà lórí tẹlifóònù, ó ń bẹ àwọn apòògùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn, tí wọ́n máa ń fọwọ́ kan páálí kí wọ́n tó tú u. Kò sí ẹni tó gba oògùn bàjẹ́ sára. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa dà nù, orí tábìlì Ọwọ́-yá sì ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Oníwáyà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo òṣìṣẹ́ rọ̀gbà yí tábìlì náà ká. Ọmọbìnrin náà ṣí ètò kíbọ́ọ̀dù, ó wò ó, ó tún un wò.

"Wọn ò yí bọ́tìnnì kankan padà, Mà. Bó ṣe dé látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é náà ló wà. Bọ́tìnnì ńlá ló ń fi í ránṣẹ́ kí wọ́n tó dé àyè ọkọ̀. Mo bi Bàbá, wọ́n ní àwọn ti tò ó."

"O ń parọ́ mọ́ àgbà," ni Màdáámú wí. "Ṣebí ìwọ náà lo sọ tábìlì méjì lórúkọ kan ṣoṣo? Ọkùnrin yìí kò ṣàṣìṣe rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Màá pe ilé iṣẹ́ yín báyìí, wọn ò ní rán ẹ níṣẹ́ kankan mọ́." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ṣé ẹ rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń rán wá bá èèyàn? Wọn ò mọ nǹkan kan, wọn ò sì bìkítà."

Oníwáyà nawọ́ sí ojú ẹ̀rọ. "Mà, ẹ wò ó. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fi í ránṣẹ́, Ìyá Àgbà máa ń kọ ọ́ sí àárín ojú ẹ̀rọ, gbàgàdà: mo ti gbà á, ọkọ̀ lásán. Kò sí bí ẹni tó jókòó síbí kò ṣe ní rí i." Ó yíjú sí Ọwọ́-yá. "Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ ò rí i ni?"

 Ọ̀rọ̀ kan péré ni Ọwọ́-yá nílò. Bó bá sọ pé ẹ̀rọ kò kọ nǹkan kan rí, Màdáámú ti múra tán láti gbà á gbọ́, ọmọ náà á kó wáyà rẹ̀ máa lọ, òun á sì padà sórí tẹlifóònù. Ó ti ya ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá gbọ́ tí Màdáámú tún ń bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀: "Ta ló tiẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́? Ṣé ó ti ṣe irú rẹ̀ rí?" Oníwáyà dúró síbẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n ń bi. Orí ọmọ náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ gbà kọjá. Ara Ọwọ́-yá bù máṣọ. Ó mọ àga tí wọ́n ń gbé ọmọ yẹn jókòó sí.

"N kò rí i," ó ní.

"Ẹ ò lè rí i, torí pé kò hàn," ni Màdáámú wí.

"Ó hàn, Mà. Ojú mi ni kò sí mọ́. N kì í rí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ yìí, ó ti pẹ́. Ojú ẹ̀yin gan-an, n kò rántí ìgbà tí mo rí i gbẹ̀yìn. Ọmọ yìí fẹ́ bá mi tò ó, èmi ni mo lé e. Mo parọ́ fún un pé mo ti rí i."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó rò pé àwàdà ni, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọwọ́-yá gbọ́ bàtà Màdáámú tó ń bọ̀ títí ó fi dúró níwájú rẹ̀.

"Kí ni mò ń ṣe báyìí?" ó bi í.

"N kò mọ̀, Mà."

Wọ́n sọ fún un lẹ́yìn náà pé ọwọ́ méjèèjì ló nà sí i lójú, ó ya ìka rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Màdáámú fìdí lé etí tábìlì.

"Gbogbo àlejò tí mo mú wá ń wò ó," ó ní, jẹ́jẹ́. "Gbogbo wọn tí mo mú dúró sí ẹ̀yìn àga yìí."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a.  Nígbà tí Màdáámú tún sọ̀rọ̀, inú ti bí i. Ó ní ẹ̀mí èèyàn ló wà lórí tábìlì náà, ó ní ta ló ní kó máa fi ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni bo ìtìjú ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kúrò létí Ọwọ́-yá. Atẹ́gùn fẹ́ sí etí náà, ó tutù.

Oníwáyà ń ká wáyà rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ní ìbínú nínú, ìyẹn gan-an ló dun Ọwọ́-yá. "Ètò yìí lè máa ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sí èèyàn létí, Bàbá. Ó wà níbẹ̀. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá ti tàn án fún yín kí n tó dìde."

"A ò tíì dé ibẹ̀," ni Màdáámú wí. "Ẹ máa lọ sílé. Lọ́la, kí ẹ̀yin àti Ìyá Ìbejì jọ lọ rí dókítà ojú kí ẹ tó padà wá bá mi. Ẹ má dá lọ o, torí ẹ máa purọ́ fún òun náà."

Oòrùn wà lókè nígbà tó délé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún, ó sì dákẹ́ bó ṣe ṣílẹ̀kùn. "Kí ló dé tí ẹ tètè dé?"

Ọwọ́-yá kò jókòó. Ìdúró ló ti sọ gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí èéfín ti bẹ̀rẹ̀ títí dé etí rẹ̀ tó tutù.  Ó gbọ́ tí Ìyá Ìbejì gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ojú mi ńkọ́?" obìnrin náà bi í. "Ẹ ò rí ojú mi?"

"Mò ń rí etí rẹ. Mò ń rí àwọ̀ aṣọ rẹ."

Ohùn kan jáde lẹ́nu Ìyá Ìbejì, Ọwọ́-yá kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rín ni. Sálúbàtà rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gbé e lé ojú ara rẹ̀. "Ẹ wò mí, Bàbá Ìbejì."

Ìka Ọwọ́-yá gbéra láti iwájú orí. Ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí ẹran máa ń kún ọwọ́ rẹ̀ nígbà kan, egungun ló bá. Ó rò pé òun ṣìnà, ó padà sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Egungun ni. Ó dé ọrùn, ó dé egungun òkè àyà, ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba ìka rẹ̀ wọlé. Ó di apá rẹ̀ mú, àtàńpàkò rẹ̀ àti ìka àárín sì pàdé ara wọn, wọ́n tún fi díẹ̀ kọjá. 

"Ìyá Ìbejì, kí ló ṣe ọ́ báyìí?"

"N kò mọ̀. Mò ń rù ni. Aṣọ mi ni mò ń dín kù láàárọ̀, kì í ṣe ti oníbàárà kankan. Bí mo bá ti dín in kù, màá wọ̀ ọ́ jáde sí yín. Ẹ máa ń ní ó yẹ mí."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ ti rí mi," ni obìnrin náà wí. "Mo rò pé ẹ kàn dákẹ́ ni."

Ọwọ́-yá kò jẹ́ kí apá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó bá òun wá bàtà òun. Wọn kò dúró de ọ̀la tí Màdáámú dá fún wọn, dókítà ojú kọ́ sì ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá.